Àrọ̀ kọ́ lẹja yẹn: ìdí tí trotline fi ń gbé òkú ẹja wá nínú ooru Texas

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi lórí trotline, ìyẹn okùn gígùn tí wọ́n so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́, rè é, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, a máa ń lọ sí Lake Livingston lópin ọ̀sẹ̀. July yìí mo ra trotline oníwọ̀ 25, mo wá ibi tó jìn dáadáa lápá dáàmù, bíi fíìtì 35, mo ní ooru pọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ tó tutù lẹja máa sá lọ. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ni mo fi ṣe ìjẹ. Mo dẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́ Friday, àárọ̀ Sunday ni mo padà lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀ ti ṣófo, àwọn kan ṣì ní ẹ̀dọ̀ lẹ́nu àmọ́ ó ti funfun, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹja mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ti kú, ara wọn ti rọ̀. Catfish yìí ṣebí àrọ̀ ilé wa náà ni, àrọ̀ kì í sì kú bọ̀rọ̀. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Àbí kí n dúró di ìgbà òtútù ni?"

Àbúrò mi, o káre. Ó dáa tó o kọ gbogbo ẹ̀ báyìí, torí ẹlòmíì á kàn ní "ẹja ò jẹ", á wá máa retí kí n dá Ifá sí i. Nínú ohun tó o kọ yìí ni ìdáhùn wà, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ yẹn àti ọ̀rọ̀ àrọ̀ tó o fi kún un, àwọn méjèèjì ló tú àṣírí okùn ẹ.

Jẹ́ kí n ti ibi àrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àrọ̀ tiwa nílé ní ẹ̀yà ara kan nínú orí, lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, tó fi lè gba afẹ́fẹ́ òkè yìí gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́ja fi lè kó o sínú báàfù tí omi ò fi bẹ́ẹ̀ sí láti àárọ̀ títí dalẹ́, tó o bá rà á délé á ṣì máa ta lórí ìdáná, o mọ̀ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta point and kill. Catfish Amẹ́ríkà ò ní nǹkan yẹn. Mẹ́ta tó o máa bá pàdé ní Livingston ni blue, channel àti flathead, kò sí èyí tó lè gbé lórí afẹ́fẹ́ òkè nínú wọn, ọ́síjìn tó wà nínú omi nìkan ni wọ́n gbójú lé. Tí ìyẹn bá ti dínkù, wọ́n á kó kúrò níbẹ̀. Èyí tí ò bá rọ́nà kó kúrò á kú, kò ní pẹ́ rárá.

Omi tó bá gbóná kì í sì lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Ní 20 dígírì Celsius, lítà omi kan lè gba bíi mílígíráàmù 9, tó bá ti di 30 dígírì kò ju 7 àti ààbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ojú omi Texas ní July sí August máa ń tó 30 yẹn dáadáa, ó sì máa ń kọjá ẹ̀ nígbà mìíì. Ẹja fúnra ẹ̀ tún ń mí sí i, torí bí omi bá ṣe gbóná ni ara ẹ̀ ṣe ń gbóná. Owó tó ń wọlé dínkù, ìnáwó ń lé sí i.

Èrò ẹ pé kẹ́ja sá lọ sísàlẹ̀ tó tutù, ó mọ́gbọ́n dání, kì í ṣe ìwọ nìkan lo máa rò bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé oòrùn á mú omi òkè gbóná, omi gbígbóná fúyẹ́, á léfòó sórí omi tútù tó wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ò ní dà pọ̀ mọ́ títí ooru á fi lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí lake á máa ro omi òkè yẹn pọ̀ àmọ́ agbára ẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀. Láàárín wọn ni ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí omi ti máa ń tutù lójijì, thermocline ni wọ́n ń pè é, nínú ọ̀pọ̀ lake Texas tó jìn ó máa ń wà níbi fíìtì 15 sí 25 tí ooru bá ti mú dáadáa. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ dà bíi yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ẹ̀ pa. Ewé, ìdọ̀tí, gbogbo nǹkan tó bá kú lókè ń já bọ́ síbẹ̀, kòkòrò tí ojú ò rí ń jẹ ẹ́ rà, wọ́n sì ń lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀, tuntun ò wọlé. Tó bá ti wá tán pátápátá, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ á máa jáde látinú ẹrẹ̀. Òórùn tó o gbọ́ lára ẹ̀dọ̀ adìẹ ẹ nìyẹn.

Wá wo okùn ẹ báyìí. Ìwọ̀ àárín tó jókòó sí fíìtì 35, inú omi tí ò ní ọ́síjìn ló wà, kò sẹ́ja kankan níbẹ̀, ohunkóhun ò fẹnu kan ẹ̀dọ̀ yẹn, ló ṣe wà níbẹ̀ tó funfun tó ń rùn. Àwọn tó ṣófo, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí okùn ti ń gòkè lọ bá gálọ́ọ̀nù òfìfo tó ń léfòó lókè ni wọ́n wà, ẹja wẹ́wẹ́ àti ìjàpá inú omi ló tọ́ wọn wò, tàbí kí ẹ̀dọ̀ yẹn kàn bọ́ fúnra ẹ̀. (Ìjàpá inú omi Texas ò yàtọ̀ sí tinú àlọ́ o, olè paraku ni.) Ẹja mẹ́ta yẹn náà, ọ̀kankan nínú wọn ò jẹ ìwọ̀ ní fíìtì 35, lókè ni wọ́n ti jẹ ẹ́, ìjà tí wọ́n ń jà ló fa okùn wálẹ̀ sínú omi burúkú, tàbí kí omi òkè tó gbóná kàn pa wọ́n torí wọn ò ráàyè rìn lọ síbi tó sàn jù. Láti alẹ́ Friday dé àárọ̀ Sunday nínú omi tó tó 30 dígírì, bí ara wọn ò bá rọ̀ ni kó yà ẹ́ lẹ́nu.

Nítorí náà kì í ṣe pé o ò mọ ẹja á pa. Ìjìn àti àkókò ni, méjèèjì ṣeé tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìjìn ká kọ́kọ́ sọ. Tó o bá ní fish finder (ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó wà lábẹ́ omi hàn) nínú ọkọ̀, gbé sensitivity ẹ̀ sókè kó o wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ibi tó jìn, wàá rí ìlà kan tó ṣú díẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín omi, ẹja máa pọ̀ lókè ẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á dá páropáro. Òun nìyẹn. Tí o ò bá ní, lọ ra minnow (ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè) díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìjẹ, so wọ́n mọ́ okùn kan ṣoṣo tó ní òjé nísàlẹ̀, ọ̀kan ní fíìtì 10, ọ̀kan ní 15, 20, 25, 30, sọ ọ́ sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan kó o tó fà á sókè. Ibi tó o bá ti ń rí òkú minnow, má dẹ ìwọ̀ débẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, kò gba bátìrì. Livingston fúnra ẹ̀ kì í ṣe kòtò kékeré, Odò Trinity ni wọ́n dí, 1969 ni wọ́n parí dáàmù ẹ̀, lake náà tó nǹkan bíi 83,000 éékà, gbogbo ẹ̀ ò lè rí bákan náà. Apá òkè níbi tí odò ti ń wọlé kò jìn, omi ibẹ̀ rú, afẹ́fẹ́ ń ro ó kanlẹ̀, o lè dẹ ìwọ̀ sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ja sì jẹ ẹ́. Apá dáàmù tó o lọ ló jìn jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìpele yìí ti le jù.

Bí mo ṣe fẹ́ràn láti máa dẹ ẹ́ nígbà ooru ni pé kí okùn lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. So ẹnu kan mọ́ kùkùté igi tó wà nínú omi níbi fíìtì 5, abẹ́ omi ni kó o ti so ó o, kó má yọ sókè, kó o wá na ẹnu kejì lọ síbi tó jìn tó fíìtì 15 sí 18, gbé ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù òfìfo lókè ẹ̀ kó o lè rí i. Báyìí ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan á wà ní ìjìn tiẹ̀, alẹ́ àkọ́kọ́ ni okùn á ti sọ ibi tẹ́ja wà fún ẹ: tó bá jẹ́ àwọn ìwọ̀ tó wà láàárín fíìtì 8 sí 12 ló ń mú, kó gbogbo okùn lọ sí ìjìn yẹn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Tó bá wá jẹ́ pé o fẹ́ kọjá lórí ibi tó jìn, bí ojú odò Trinity àtijọ́ tó wà lábẹ́ omi níbẹ̀, má jẹ́ kí okùn dé ìsàlẹ̀ rárá, fi gálọ́ọ̀nù gbé e ró: láàárín ìwọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá so gálọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú okùn fíìtì 10 tàbí 12, okùn ńlá á rọ̀ síbi tó o fẹ́ kò sì ní jìn jù. Àmọ́ má jẹ́ kó sún mọ́ òkè ju fíìtì 5 lọ níbi táwọn ọkọ̀ ń gbà, jet ski àwọn ọmọ òyìnbó yẹn ò mọ̀ pé o dẹ nǹkan kan síbẹ̀.

Ní ti ibi tó yẹ kó o lọ, lóru blue àti channel máa ń gòkè wá jẹun níbi tí ò jìn, fíìtì 4 sí 10, pàápàá níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ abẹ́ omi bá ti sún mọ́ ibi tó jìn. Etí omi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọlù láti ọ̀sán ni kó o kọ́kọ́ gbìyànjú, torí afẹ́fẹ́ ń kó oúnjẹ shad (ẹja kékeré tí catfish ń jẹ) lọ síbẹ̀, shad ń tẹ̀ lé e, catfish ń tẹ̀ lé shad. Tí òjò ńlá bá ti rọ̀, sáré lọ sí ẹnu odò kékeré tó ń ṣàn wọ lake, omi tuntun yẹn ní ọ́síjìn, ó tún gbá ekòló àti kòkòrò wá, kò síbi tó dáa tó o nínú August.

Okùn tó o rà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò ní kó o jù ú nù, àmọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àwọn tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ìwọ̀ wọn kéré, okùn kéékèèké tó so ìwọ̀ mọ́ okùn ńlá sì máa ń gùn jù, ẹja kan tó bá ti yí bíríbírí á kó ìwọ̀ mẹ́ta lọ́rùn pọ̀. Ọgbọ́n ẹ̀ ni pé kí okùn kékeré yẹn má tó ìdajì àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀ méjì. Tí àlàfo bá jẹ́ fíìtì 4, jẹ́ kí okùn kékeré jẹ́ fíìtì kan àti ààbọ̀, wọn ò ní lè kan ara wọn láéláé. Fi swivel (irin kékeré tó ń yí) sí ibi tí ó ti so mọ́ okùn ńlá, torí catfish máa ń yí ara ẹ̀ títí, tí ò bá sí ohun tó ń yí pẹ̀lú ẹ̀ á lọ́ okùn náà pọ̀ títí á fi já tàbí tí ìwọ̀ á fi ya ẹnu ẹ̀. Okùn náílọ̀nù tí wọ́n fi ọ̀dà kùn dáa jù fún okùn ńlá, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ó sì rọrùn láti dì mú lọ́wọ́ tó tutù. Ìwọ̀ circle (èyí tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ wọnú) 5/0 sí 8/0 ni kó o lò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún blue àti channel. Ìwọ̀ yẹn máa ń mú ẹja létí ẹnu, ẹja tí wọ́n mú létí ẹnu á wà láàyè títí wàá fi dé, èyí tó gbé J hook (ìwọ̀ tó rí bíi lẹ́tà J) mì dé ikùn kò ní dúró dè ẹ́ nínú ooru. Má bo ẹnu ìwọ̀ náà mọ́ inú ìjẹ o, kó yọ síta gedegbe.

Ó di orí ìjẹ. Ẹ̀dọ̀ adìẹ dáa fún ẹni tó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja, tó ń wò ó, tó ń pààrọ̀ ẹ̀. Lórí trotline nínú omi gbígbóná á rọ̀ bọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Tó bá jẹ́ adìẹ náà lo fẹ́ lò, gísáàdì ni kó o lò, ó le, ẹja wẹ́wẹ́ ò rí i já, àmọ́ mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tó máa fi gísáàdì fún ẹja nígbà tí ọbẹ̀ wà nílé, ó máa ṣòro. Shad tútù ló ga jù fún blue. Ju àwọ̀n fún un lápá ibi tí ò jìn ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, òfin fàyè gba àwọ̀n jíjù tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju fíìtì 14 lọ, kó o kó o lé yìnyín lójú ẹsẹ̀, lórí yìnyín o, kì í ṣe nínú omi yìnyín, omi á mú ẹran ara ẹ̀ rọ̀. Gé e sọ́nà méjì mẹ́ta, orí ẹ̀ ló pẹ́ jù lórí ìwọ̀. Wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i kó gan. Flathead ní tiẹ̀, òkú nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ wù ú, sunfish (ẹja kékeré pẹlẹbẹ kan) tó wà láàyè ni kó o fún un, kó o kọ́ ọ lẹ́yìn, lábẹ́ lẹbẹ òkè, kó lè máa lúwẹ̀ẹ́. Bass, crappie àti catfish fúnra ẹ̀, òfin Texas kà wọ́n sí game fish, o ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe ìjẹ.

Èyí tó máa pa ẹ́ lẹ́rìn-ín ni ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ ìfọṣọ. Àwọn àgbà apẹja East Texas fẹ́ràn Zote, ọṣẹ pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí wọ́n ń ṣe ní Mẹ́síkò, ọ̀rá màlúù wà nínú ẹ̀, wọ́n á gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin tó tó orí àtàǹpàkò, wọ́n á fi ìwọ̀ gún un. Ìjàpá ò fẹ́ ẹ, ẹja wẹ́wẹ́ ò lè já a tán, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, òórùn ọ̀rá yẹn á máa rìn nínú omi, channel àti blue kéékèèké á sì wá gbé e mì. Fún alẹ́ tí ooru pọ̀ tí olè inú omi sì pọ̀, fi ọṣẹ sí ìwọ̀ kan, shad sí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí, wàá rí èyí tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àkókò wá nìkan ló kù, òun gan-an ló ń pa ẹja fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà ooru mi ò gbà kẹ́nikẹ́ni fi okùn oníjẹ sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Fi ìjẹ sí i bí oòrùn bá ń wọ̀, lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbi aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́, fi ìjẹ tuntun sí i, kó o wá padà ní àfẹ̀mọ́jú gan-an kí oòrùn tó mú. Má sùn kọjá àfẹ̀mọ́jú yẹn o, torí ewéko inú omi tó ń fún omi ní ọ́síjìn lọ́sàn-án, òun náà ń mí lóru, nígbà tílẹ̀ bá fẹ́ mọ́ ni ọ́síjìn máa ń kéré jù nínú lake, ẹja tí ìwọ̀ ti mú láti alẹ́ ò lágbára púpọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Tí o ò bá ní lè lọ lẹ́ẹ̀mejì, dẹ ìwọ̀ tó kéré. Ìwọ̀ 15 tó o ń bójú tó sàn ju 50 tó ń jẹrà lọ.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò náà, fetí sílẹ̀ dáadáa torí ibí yìí ni ewu wà. Láti iwájú ọkọ̀ ni, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ á jẹ́ kó tẹ̀. Gbá okùn mú ní ẹnu tó wà ní ibi tí ò jìn, máa fà á kọjá lórí imú ọkọ̀, ọwọ́ kan tẹ̀ lé èkejì, ọkọ̀ á máa tẹ̀ lé okùn lọ fúnra ẹ̀. Wàá mọ̀ kó o tó rí i, okùn á máa gbọ̀n tì-tì-tì lọ́wọ́ ẹ tó bá jẹ́ channel, tó bá wúwo tó ń fà jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tí ò kánjú, mú àwọ̀n ìgbẹ́ja dání. Nígbà yẹn gan-an ni wàá rántí pé ìwọ̀ mìíì ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tẹ́ja wà, ẹja ńlá bá fà lẹ́ẹ̀kan, okùn á yọ́ lọ láàárín ìka ẹ, ìwọ̀ tó tẹ̀ lé e á sì wọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ, ẹja níwájú, ìdákọ̀ró lẹ́yìn, ìwọ láàárín. Èèyàn ti kú báyẹn. Nítorí náà má yí okùn mọ́ ọwọ́ láéláé, ọ̀bẹ tó mú kó wà ní ìgbàdí ẹ kì í ṣe nínú àpótí, pláyà tó lè gé ìwọ̀ kó wà nítòsí, life jacket wà lára ẹ kódà bó o mọ omi í wẹ̀, má sì lọ ní ìwọ nìkan lóru. Tó o bá rí mànàmáná lọ́ọ̀ọ́kán, fi okùn yẹn sílẹ̀ jàre.

Òfin Texas, ṣókí: okùn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà, ìwọ̀ 50 ló pọ̀ jù lórí trotline kan, èèyàn kan ò sì gbọ́dọ̀ ní ju ìwọ̀ 100 lọ nínú omi lápapọ̀. Gígùn okùn ò gbọ́dọ̀ kọjá fíìtì 600, ìwọ̀ sí ìwọ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní fíìtì 3, o ò gbọ́dọ̀ gún ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ láti so ó. Gear tag, ìyẹn àmì tó ní orúkọ ẹ, àdírẹ́sì ẹ àti ọjọ́ tó o dẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu méjèèjì, láàárín fíìtì 3 sí ìwọ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí tag yẹn fi ń ṣiṣẹ́ wà nínú Outdoor Annual (ìwé òfin ẹja pípa Texas) tọdún yìí, kà á, wọ́n máa ń yí nǹkan padà. Láti 2021, òfin gbogbogbòò fún blue àti channel ni 25 lóòjọ́, kí mẹ́wàá péré nínú ẹ̀ tó ínṣì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, flathead ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ínṣì 18, márùn-ún lóòjọ́, àmọ́ àwọn lake kan ní òfin tiwọn, wo ohun tí wọ́n kọ síwájú Livingston kó o tó jáde nílé. Lake kéékèèké tinú ìlú àti ti state park, ọ̀pá nìkan ni wọ́n gbà níbẹ̀, má gbé trotline débẹ̀ rárá, game warden (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú arúfin ẹja pípa) ò ní bi ẹ́ bóyá o mọ̀.

O ní ṣé kó o dúró di ìgbà òtútù. Kò sídìí ẹ̀. Òótọ́ ni pé blue ńlá ńlá máa ń jáde nígbà òtútù, èyí tó wọn pound 121 àti ààbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá mú ní Lake Texoma, January 2004 ni, àmọ́ èyí tó wọn 143 tí wọ́n mú ní Kerr Lake ní Virginia, June 2011 ni, inú ooru. Ẹja tó dáa fún ìkòkò, bíi pound 2 sí 6, ìgbà ooru yìí ni wọ́n ń jẹun jù lóru. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè ní kó o sinmi díẹ̀ ni ìparí May wọ June, tí omi bá wà láàárín 75 sí 80 dígírì Fahrenheit, channel ń yé ẹyin nígbà yẹn, akọ ló ń jókòó ṣọ́ ẹyin nínú ihò, kì í wá oúnjẹ kiri. July tá a wà yìí, ìyẹn ti lọ, ebi ń pa wọ́n. Tó bá di ìgbà tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, omi òkè náà á tutù, á wúwo, á rì, gbogbo omi á tún dà pọ̀, ìgbà yẹn lo lè máa dẹ ìwọ̀ sí ìjìn tó bá wù ẹ́.

Ẹja tó o bá mú láàyè, gún un kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà kó o tó sọ ọ́ sínú kúlà, yìnyín tó pọ̀ ju ẹja lọ, ṣọ́ra fún ẹ̀gún lẹbẹ òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó máa ń ta èèyàn wọra. Fún ọbẹ̀ ata, fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ yọ̀yọ̀ ara ẹ̀ bó o ṣe máa ń ṣe fún àrọ̀. Àmọ́ kó o tó máa fún ìyàwó àtàwọn ọmọ jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Texas ti ṣèkìlọ̀ lórí jíjẹ àwọn ẹja kan láti Odò Trinity àti Lake Livingston nítorí kẹ́míkà, blue catfish wà lára wọn, ẹja ńlá tó ti dàgbà ló máa ń kó o jù, aláboyún àti ọmọdé ni wọ́n sì ń dáàbò bò jù, ìkìlọ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kà á. Mo máa ń yan àwọn kéékèèké fún ilé, ọ̀rá ara wọn kéré, wọ́n sì dùn jù.

Tó o bá ṣe tán, ká okùn ẹ kúrò nínú omi, má fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó o sì yọ plug ìdí ọkọ̀ kí omi inú ẹ̀ jáde pátá kó o tó gùn títì, òfin ni ní Texas láti 2014 nítorí zebra mussel (ìṣáwùrú àjèjì tó ń tàn láti lake kan sí òmíì), shad tó ṣẹ́kù nínú omi Livingston má gbé e lọ sí lake mìíì.